Egbò Líkọ́ríìsì fún Ikọ́ àti Ọ̀fìnkìn: Díẹ̀ Ni Wọ́n Ń Lò Ó

Nígbà tí ìgbà òtútù bá dé sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mò ń gbé yìí, tí ikọ́ àti ọ̀fìnkìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilé kiri, orógbó, atalẹ̀, oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni àwa ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ máa ń wá. Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ti ń rí i pé nǹkan mìíràn ti dara pọ̀ mọ́ wọn, ìyẹn egbò líkọ́ríìsì. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ṣáínà, ó wà lọ́dọ̀ àwọn ará Íńdíà àti àwọn Lárúbáwá, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ páálí tíì tí wọ́n ń tà fún ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn. Àwọn èèyàn wa ń sè é mu, wọ́n ń dì í ránṣẹ́ sí àwọn òbí wọn nílé, ọ̀rọ̀ tí mo sì máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé egbò lásán ni, egbò kì í pa ni lára.

Egbò tó dára ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo máa ń lò ó, n kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó sọ tirẹ̀ nù. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé egbò náà dé ọ̀dọ̀ wa, ìlànà lílò rẹ̀ kò bá a dé. Àwọn tó kọ́kọ́ fi í ṣe oògùn òtútù kì í lò ó bí a ṣe ń lò ó yìí. Díẹ̀ ni wọ́n ń fi sínú àpòpọ̀ oògùn, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ń mu ún, tí ara bá sì ti yá, wọ́n á dáwọ́ dúró. Ìdí pàtàkì wà fún ìyẹn, nítorí pé ohun kan náà tó mú kí egbò yìí dùn ni ohun tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru dìde nínú ara ẹni tó bá mu ún ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀gbìn tó bá ẹ̀wà àti ẹ̀pà tan ni líkọ́ríìsì. Kò ga púpọ̀, ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́, òdòdó rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ àlùkò. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ń lò jù lọ fún oògùn: Glycyrrhiza glabra, tó ń hù láti gúúsù Yúróòpù títí dé Ṣíríà, Ìráànì àti àárín gbùngbùn Éṣíà, Glycyrrhiza uralensis, tó jẹ́ ti àríwá Ṣáínà àti Mòǹgólíà, àti Glycyrrhiza inflata, tó ń hù ní ìwọ̀ oòrùn Ṣáínà. Abẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń wọlẹ̀ lọ jìnnà láti wá omi, ó sì tún máa ń na ẹ̀ka sí ẹ̀gbẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, èyí tó jẹ́ kó lè wà láàyè níbi gbígbẹ tí ọ̀pọ̀ ọ̀gbìn mìíràn kò lè gbé. Ó máa ń tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí egbò náà tó tóbi tó ohun tí wọ́n lè hú.

Bí ẹ bá mú ọ̀pá rẹ̀ kan lọ́wọ́, èèpo rẹ̀ hunjọ, ó ní àwọ̀ ilẹ̀, kò sì sí ohun tó fi hàn pé nǹkan dídùn wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ ha èèpo náà díẹ̀, ẹ ó rí inú rẹ̀ tó pọ́n bí ìyeyè, tó kún fún okùn tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́. Tí ẹ bá run ún, orí rẹ̀ á tú gẹ́lẹ́ bí orín ata ṣe máa ń tú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, igi lásán ni ẹnu máa ń gbọ́. Ó di ìgbà díẹ̀ kí adùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, tó bá sì ti jáde, kì í tètè lọ. Ẹ lè mu omi lé e, kí adùn náà ṣì wà ní ẹ̀yìn ahọ́n yín fún ìgbà pípẹ́. Glycyrrhizin ni orúkọ ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó dùn tó ìlọ́po 50 ṣúgà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ṣúgà rárá. Ọ̀rọ̀ glycyrrhizin yìí ni a ó máa padà sí, torí pé òun ni oore egbò náà, òun náà sì ni ewu rẹ̀.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti mọ̀ pé ó dára fún ikọ́. Theophrastus, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì tó kọ̀wé nípa àwọn ọ̀gbìn ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Jésù, sọ nípa egbò dídùn kan tó ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Scythia, ìyẹn àwọn darandaran tó ń gbé ní àríwá Òkun Dúdú. Ó ní ó wúlò fún ikọ́ gbígbẹ, fún ẹni tí èémí rẹ̀ kò já geere àti fún àìsàn àyà, àti pé tí èèyàn bá fi í sẹ́nu, kì í jẹ́ kí òǹgbẹ gbẹ ẹ́. Dioscorides, tó kọ ìwé oògùn tirẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí Jésù, ní kí ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bá ha fi oje egbò náà sábẹ́ ahọ́n, kó sì jẹ́ kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ṣáínà ni mo ti rí ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù lọ lórí bí a ṣe ń lo egbò yìí fún òtútù. Gancao ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ní apá ìparí ìjọba ìdílé Han, oníṣègùn kan wà tó ń jẹ́ Zhang Zhongjing. Nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ìwé rẹ̀, Shanghan Lun, tó dá lórí àwọn àìsàn tí òtútù ń fà, ó sọ pé àwọn ẹbí òun ju igba lọ tẹ́lẹ̀, pé láàárín ọdún tí kò tó mẹ́wàá láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà Jian'an, ìyẹn ọdún 196, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ti kú, àti pé nínú ẹni mẹ́wàá tó kú, àìsàn òtútù ló pa méje. Ẹni tí irú àdánù bẹ́ẹ̀ bá ti bá kì í fi oògùn ṣeré. Mo máa ń rántí èyí nígbà tí mo bá ń ka àwọn ìlànà rẹ̀, torí pé kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán níbẹ̀.

Àpòpọ̀ kan tó gbajúmọ̀ jù nínú ìwé náà ni Guizhi Tang, tí wọ́n ń fún ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná, tí orí ń fọ́, tí òógùn ń yọ lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí afẹ́fẹ́ kan òun. Ohun márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ igi sínámọ́ọ̀nù, egbò òdòdó píónì, atalẹ̀ tútù, èso jujube méjìlá, àti gancao. Liang ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn oògùn nígbà náà. Sínámọ́ọ̀nù jẹ́ liang 3, píónì jẹ́ 3, atalẹ̀ jẹ́ 3, gancao sì jẹ́ 2. Nínú àpòpọ̀ mìíràn, Mahuang Tang, tí wọ́n ń lò fún ẹni tí òtútù wọ̀ lára, tí òógùn kọ̀ tí kò jáde, tó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ, mahuang, ìyẹn ewéko tí wọ́n fi sọ àpòpọ̀ náà lórúkọ, jẹ́ liang 3, sínámọ́ọ̀nù jẹ́ 2, kóró apricot jẹ́ 70, gancao sì jẹ́ liang 1 péré. Ẹ wò ó pé òun ló kéré jù nínú àwọn ohun tí wọ́n fi liang wọ̀n nínú méjèèjì. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni láti pẹ̀tù sí agbára àwọn yòókù, kí wọ́n lè fohùn ṣọ̀kan, kí wọ́n má sì pa inú aláìsàn lára. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn ibẹ̀ fi ń fi í wé àgbà ìlú tí kì í ṣe ọba, ṣùgbọ́n tí ọba ń bọ̀wọ̀ fún.

Ìlànà mímu Guizhi Tang ló wú mi lórí jù. Zhang ní kí wọ́n fi iná tí kò le sè é, kí wọ́n sì sẹ́ ẹ. Nígbà tí aláìsàn bá ti mu ún, kó dúró díẹ̀, kó wá mu ẹ̀kọ ìrẹsì gbígbóná tó ṣàn dáadáa, kí ẹ̀kọ náà lè ran oògùn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà kó da aṣọ bora, kí òógùn lè máa yọ díẹ̀díẹ̀ káàkiri ara rẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ kó máa ṣàn bí omi, torí pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, àìsàn kò ní lọ. Kó yẹra fún ohun tútù, ohun tó ń yọ̀, ẹran àti ọtí. Ó wá sọ pé bí aláìsàn bá mu ún lẹ́ẹ̀kan, tí òógùn jáde, tí ara sì fúyẹ́, kó má mu èyí tó kù mọ́. Kò pọn dandan kó mu ún tán. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti fún ní ògì gbígbóná rí nígbà ibà, tó sì da aṣọ bò ó mọ́lẹ̀, á mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú èyí kò ṣàjèjì sí wa. Apá ìkẹyìn yẹn nìkan, ìyẹn dídáwọ́ dúró, ni kò bá wa lára mu. Ohun tí a mọ̀ ni pé kí agbo tán nínú ìkòkò, kí a sì tún da omi sí i.

Fún ọ̀nà ọ̀fun tó ń dunni, Zhang lo gancao lóun nìkan, láìfi nǹkan mìíràn kún un. Ó ní bó bá ti di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta tí irú àìsàn kan báyìí ti bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀fun sì ń dùn, kí wọ́n fún aláìsàn ní omi gancao. Bí kò bá yá, kí wọ́n fi egbò mìíràn tó ń jẹ́ jiegeng kún un. Kò ní kí wọ́n máa fi gancao kún gancao. Mo tún ṣàkíyèsí pé nínú àwọn àpòpọ̀ òtútù ìṣáájú, gancao tí wọ́n ti yan lórí iná ni wọ́n lò, nígbà tó jẹ́ pé èyí tí iná kò kàn ni wọ́n lò fún ọ̀fun. Títí di òní, àwọn ṣọ́ọ̀bù oògùn Ṣáínà ń ta méjèèjì: èyí tí wọ́n fi oyin yan, tó dúdú díẹ̀, tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, àti èyí tí wọ́n kàn gé pẹlẹbẹ tí wọ́n sì sá. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń tà fún yín.

Láti Ṣáínà ni ìmọ̀ yìí ti kọjá sí Japan. Ní ọdún 756, lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ọba, Olorì Kōmyō kó oríṣi oògùn 60 fún tẹ́ńpìlì Tōdai-ji ní ìlú Nara, líkọ́ríìsì sì wà lára wọn. Ó ṣì wà ní ilé ìṣúra Shōsōin níbẹ̀ títí di òní olónìí. Àpòpọ̀ kan láti inú ìwé Zhang, tí àwọn ará Japan ń pè ní kakkontō, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rà ní ilé oògùn nígbà tí òtútù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, kó tó wọra. Líkọ́ríìsì wà nínú rẹ̀, àtalẹ̀ náà wà níbẹ̀. Wọ́n sì máa ń kọ ìkìlọ̀ sí ìwé inú páálí rẹ̀ pé bí ara bá ń wú tàbí bí iṣan bá ń rọ, kí èèyàn dá a dúró, kó sì lọ rí dókítà.

Ní Yorkshire, níhìn-ín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú Pontefract ni ilé líkọ́ríìsì. Oògùn ikọ́ àti oògùn inú ni wọ́n ń fi í ṣe kí apòògùn kan tó ń jẹ́ George Dunhill tó fi ṣúgà kún un ní ọdún 1760, tó wá di midinmíìdìn dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣì ń tà níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ní Íjíbítì, omi rẹ̀ tútù ni àwọn atajà ń gbé kiri ìgboro nígbà ààwẹ̀ Ràmàdáánì, pẹ̀lú ìkòkò ńlá ní àyà àti àwo idẹ méjì tí wọ́n ń lù mọ́ra wọn kí àwọn oníbàárà lè gbọ́. Ohun mímu ni wọ́n kà á sí níbẹ̀, kì í ṣe oògùn òtútù, nítorí náà n kò ní dúró lórí rẹ̀.

Ó tún yẹ kí ẹni tó ń ra egbò yìí mọ̀ pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n hú nínú igbó, kì í ṣe inú oko. Nígbà tí híhú náà pọ̀ jù ní àríwá Ṣáínà, ilẹ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ dì mú tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di aṣálẹ̀, ìjọba ibẹ̀ sì pàṣẹ ní ọdún 2000 láti fi òfin de híhú gancao àti mahuang bó ṣe wu oníkálukú. Ìyẹn náà jẹ́ ìdí kan tí kò fi yẹ kí a máa fi í ṣòfò.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Fún ọ̀nà ọ̀fun, ẹ̀rí wà. Ní ọdún 2013, àwọn dókítà ní Yunifásítì Ìṣègùn ti Vienna tẹ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 236 tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n máa ti rọ́bà bọ̀ lọ́fun kí wọ́n lè máa mí. Wọ́n ní kí àwọn kan fi omi líkọ́ríìsì fọ ọ̀nà ọ̀fun wọn ṣáájú, kí àwọn yòókù fi omi ṣúgà fọ tiwọn. Àwọn tó lo líkọ́ríìsì ni ọ̀fun dùn díẹ̀ jù nígbà tí wọ́n jí, ikọ́ wọn náà sì kéré. Fún ikọ́ tó ń bá ọ̀fìnkìn rìn, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Yúróòpù fọwọ́ sí i ní ọdún 2012 gẹ́gẹ́ bí oògùn ìbílẹ̀ tó lè mú kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dẹ̀, kó sì jáde. Wọ́n sì sọ ọ́ ní gbangba pé nítorí ọjọ́ pípẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó ni àwọn ṣe fọwọ́ sí i, kì í ṣe nítorí àyẹ̀wò tí wọ́n fi dán an wò lára àwọn aláìsàn ikọ́.

Ti kòkòrò tó ń fa òtútù fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Ní ọdún 2003, nígbà tí àrùn SARS, tí kòkòrò rẹ̀ bá ti Kòrónà tan, ń jà, àwọn onímọ̀ ní ìlú Frankfurt rí i pé glycyrrhizin ń dí kòkòrò àrùn náà lọ́wọ́ nínú àwo àyẹ̀wò. Ìròyìn yẹn ló tún jí dìde ní ọdún 2020, tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í se egbò yìí láràárọ̀ nítorí àrùn Kòrónà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àwo àyẹ̀wò kò túmọ̀ sí pé yóò ṣẹlẹ̀ nínú ara èèyàn, nítorí pé ìwọ̀n tí wọ́n lò nínú àwo kì í ṣe ohun tí ife tíì kan lè gbé dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ bá ní ọ̀fìnkìn, ara yín ni yóò lé kòkòrò náà lọ. Líkọ́ríìsì á tu ọ̀fun yín lára títí ìyẹn yóò fi ṣẹlẹ̀, mo sì ka ìyẹn sí oore ńlá fún ẹni tí ikọ́ kò jẹ́ kó sùn.

Ilẹ̀ tiwa náà kò ṣófo. Ìtàkùn kan wà tí a ń pè ní ojú ológbò tàbí wérénjéjé, Abrus precatorius ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn, òun àti líkọ́ríìsì sì jẹ́ ìbátan nínú ìdílé ẹ̀wà. Ewé rẹ̀ dùn lẹ́nu, ewé náà sì ni àwọn àgbà máa ń fún ẹni tó ń wúkọ́. Ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì, líkọ́ríìsì inú igbó ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń fi ewé rẹ̀ ṣe tíì fún òtútù. Orúkọ Yorùbá rẹ̀ bá àwọn baba ńlá wa sọdá òkun: àwọn olórìṣà ní Kúbà ṣì ń pè é ní ewereyeye, àwọn ti Candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà ní Bùràsíìlì, náà sì mọ̀ ọ́n ní werenjeje. Ohun tó mú kí adùn wà nínú ewé rẹ̀ kì í ṣe glycyrrhizin. Nǹkan mìíràn tó ń jẹ́ abrusoside ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa lórí kóró rẹ̀. Kóró pupa fòò tó ní ojú dúdú yẹn, tí wọ́n ń sín bí ìlẹ̀kẹ̀, ní májèlé kan tó ń jẹ́ abrin. Bí ọmọdé bá gbé e mì lódindi, èèpo rẹ̀ tó le lè mú kó kọjá láìṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n bó bá rún un, tàbí bí wọ́n bá ti lu ihò sí i, díẹ̀ nínú rẹ̀ lè pa á. Ẹni tí kò bá dá ewé náà mọ̀ dájú kò gbọdọ̀ já a, kò sì sí ìdí kankan tí kóró rẹ̀ fi yẹ kó wọ inú oògùn ikọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí líkọ́ríìsì àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní ọdún 1946, dókítà ará Nẹ́dálàǹdì kan tó ń jẹ́ Revers ròyìn ohun tó rí nígbà tó ń fi oje líkọ́ríìsì tọ́jú àwọn tó ní ọgbẹ́ inú. Ọgbẹ́ wọn ń san, ṣùgbọ́n ojú àti ẹsẹ̀ àwọn kan nínú wọn ń wú. Ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá kí wọ́n tó mọ ìdí rẹ̀ gan-an. Ní ọdún 1987, àwọn oníwádìí ní Edinburgh ṣàlàyé rẹ̀ báyìí: nínú kíndìnrín wa, hòmóònù kan tó ń jẹ́ aldosterone ló ń pàṣẹ pé kí ara dá iyọ̀ dúró. Hòmóònù mìíràn, cortisol, tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ju aldosterone lọ fíìfíì, lè pa irú àṣẹ kan náà, ṣùgbọ́n énsáìmù kan wà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tó ń sọ cortisol di aláìlágbára kó tó wọlé. Glycyrrhizin, lẹ́yìn tí ìfun bá ti yí i padà, ló ń dá énsáìmù yìí lọ́wọ́ kọ́. Cortisol á wá wọlé, iyọ̀ àti omi á dúró nínú ara, ẹ̀jẹ̀ á ru, pọtásíọ̀mù á sì máa bá ìtọ̀ lọ. Bí pọtásíọ̀mù bá wálẹ̀ jù, iṣan á rọ, ọkàn kò sì ní lù létòlétò mọ́. Ní ọdún 2020, àwọn dókítà ní Massachusetts kọ ìròyìn ọkùnrin ẹni ọdún 54 kan tó ti ń jẹ àpò midinmíìdìn líkọ́ríìsì dúdú kan àtààbọ̀ lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ọkàn rẹ̀ dúró lójijì, tó sì kú.

Mo rí díẹ̀ nínú èyí lára ìyá ọ̀rẹ́ mi kan tó wá láti ilé láti wá tọ́jú ọmọ-ọmọ. Màmá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ilé wá, pẹ̀lú oògùn tó ń mú wọn tọ̀. Ikọ́ mú wọn nígbà tí wọ́n dé, ẹnì kan sì fún wọn ní egbò líkọ́ríìsì. Ikọ́ lọ, àmọ́ Màmá kò fi tíì náà sílẹ̀ mọ́ nítorí pé ó dùn láìní ṣúgà. Nígbà tí mo lọ kí wọn, ìbọ̀sẹ̀ ti fa ìlà tó jìn sí ọrùn ẹsẹ̀ wọn, bí a bá sì fi ìka tẹ ibẹ̀, ojú ibi tí a tẹ̀ á jìn, kò ní tètè padà. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn wúwo, pé gígun àkàsọ̀ ti di iṣẹ́. Ọmọ wọn béèrè pé, “Ẹ dákun, Mà, kí lẹ tún ń lò yàtọ̀ sí oògùn tí dókítà fún yín?” Wọ́n dáhùn pé, “Kò sí oògùn kankan mọ́, ọmọ mi, àyàfi tíì ikọ́.” Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé pọtásíọ̀mù wọn ti wálẹ̀ gan-an. Dókítà ní kí wọ́n dá tíì náà dúró, ó fún wọn ní oògùn pọtásíọ̀mù, ẹsẹ̀ náà sì rọ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Màmá kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni; nínú ọkàn wọn, ohun tó dùn, tó sì wá láti inú ilẹ̀, kò sí lára oògùn.

Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ Yúróòpù fi lélẹ̀ ní ọdún 2003 ni pé kí glycyrrhizin tí èèyàn ń mu lójoojúmọ́ má ju mílígíráàmù 100 lọ. Egbò tó dára fún oògùn gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdá 4 nínú 100 rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí glycyrrhizin. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: gíráàmù 2.5 egbò gbígbẹ ti tó mílígíráàmù 100 náà. Gíráàmù 2.5 kò kún ṣíbí kékeré méjì bí wọ́n bá gé e wẹ́wẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìkúnwọ́ egbò nínú ìkòkò, tí wọ́n ń gbé ka iná láti àárọ̀ di alẹ́, fi ń dẹ́rù bà mí.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Egbò gígé tí kò ju gíráàmù 1 lọ, pẹ̀lú atalẹ̀ tí mo gún díẹ̀, ni mo máa ń fi sínú omi gbígbóná tó kún ife kékeré kan, ìyẹn mílílítà 150. Mo máa ń dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí n tó sẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ti tó, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni mo sì fi máa ń lò ó. Bó bá jẹ́ pé ọ̀fun nìkan ló ń dùn, fífọ ọ̀fun pẹ̀lú omi rẹ̀ kí a sì tu ú dànù ti tó, ìyẹn ni mo sì máa ń sọ fún àwọn àgbà tó bá ní mo ń fi oògùn du àwọn. Bí ikọ́ bá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, bí ibà tó le tàbí àìlèmí-dáadáa bá tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá tíì.

Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn, àìsàn kíndìnrín tàbí àìsàn ẹ̀dọ̀ kò gbọdọ̀ mu ún. Aboyún kò gbọdọ̀ mu ún. Ní Finland, ìjọba ti fi í sí ara ohun tí aboyún ń yẹra fún. A kì í fún ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀, oògùn ọkàn tó ń jẹ́ digoxin, tàbí oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù, nítorí pé gbogbo wọn àti líkọ́ríìsì lè jọ ba ìwọ̀n pọtásíọ̀mù tàbí ọkàn jẹ́. Ẹ tún yẹ ara páálí tíì yín wò, kódà èyí tí atalẹ̀ tàbí efinrin ni wọ́n kọ gàdàgbà sí iwájú rẹ̀, torí pé àwọn tó ń ṣe tíì máa ń fi egbò líkọ́ríìsì sínú rẹ̀ láti mú un dùn, lẹ́tà kéékèèké ni wọ́n sì máa ń fi kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá ń lọ rí dókítà nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò gbọ́ oògùn, ẹ mú páálí náà dání, kí ó lè kà á fúnra rẹ̀.